Àpò ẹ̀yà atẹ́gùn fún Mercedes 814: mo lo díẹ̀, mo dá ìyókù padà

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ti ra àpò ẹ̀yà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ọjà Ouando. Ilé fíltà atẹ́gùn kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú fíltà tirẹ̀, dùríìtì sílíkóònù mẹ́rin (páìpù rírọ̀ tí atẹ́gùn ń gbà), àwọn kọ́líè tí a ó fi dè wọ́n, àti gáskẹ́ẹ̀tì (ìwé tí ń dí ojú ìsopọ̀) páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa atẹ́gùn. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí rẹ̀ sọ pé ti ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 814 ni, pé gbogbo ohun tí atẹ́gùn ń bá kọjá kó tó wọ ẹ́ńjìnnì ló ti pé síbẹ̀. 95 000 fránkì ni wọ́n pè é, mo ná an títí ó fi bọ́ sí 82 000. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí irú páálí yìí kan náà ni mo ti rí lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ní Kútọnu, orúkọ tó wà lára rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ẹrù náà fúnra rẹ̀ ni mo ní ọ̀rọ̀ bá.

Kí ẹni tó ń kánjú lè tètè mú tirẹ̀ lọ, ìdájọ́ mi nìyí. Dùríìtì tó tààrà dára, ẹ lè rà á láìbẹ̀rù. Ilé fíltà kò bá ọkọ̀ tó ní turbo (ẹ̀rọ tí ń ti atẹ́gùn kún inú ẹ́ńjìnnì) mu, ẹ má fi owó yín rà á. Dùríìtì tó tẹ̀ kò dára, méjèèjì. Kọ́líè wọn, ẹ máà lò ó lórí sílíkóònù. Gáskẹ́ẹ̀tì wọn, ti ẹ́ńjìnnì mìíràn ni.

Àgbàdo àti gààrí ni òwò mi. Kétu ni mò ń gbé. Mò ń ra ẹrù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà Idigny àti Adakplamè, ọkọ̀ mi á kó o wá sílé, lẹ́yìn náà á gba Pobè àti Sakété sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Títì ọlọ́dà kì í yọ ọkọ̀ lẹ́nu púpọ̀. Ibi tí àgbàdo wà gan-an ni iṣẹ́ wà: ọ̀nà oko, ilẹ̀ pupa. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku tí ọkọ̀ kan bá tú sókè kì í tètè wálẹ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, eruku èyí tó wà níwájú ni ẹ́ńjìnnì èyí tó wà lẹ́yìn ń fà símú láti oko dé etí títì. Ọkọ̀ yìí ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi, òun ló sọ mí di ẹni tí àwọn ìyálọ́jà ní Àjàṣẹ́ mọ̀. Ohun tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. OM 364 LA ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi, sílíńdà mẹ́rin, ó ku díẹ̀ kó pé lítà 4: 3 972 cc. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ máa ń fa ẹ̀kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tó bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ń yí ní ìgbà 2 000 ní ìṣẹ́jú kan, atẹ́gùn tó ń gbé mì ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo súnmọ́ lítà 4 000, a ò sì tíì ka èyí tí turbo ń tì kún un. Ní wákàtí kan, ó ju lítà 200 000 lọ. Inú eruku tí mo sọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Yanrìn tó wà nínú eruku ilẹ̀ pupa sì le ju irin sílíńdà lọ. Bó bá ráyè kọjá, ewé turbo ló kọ́kọ́ ń bá, ewé tó lè yí ju ìgbà 100 000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, á sì máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa kan rìngì písítìnì àti ara sílíńdà. Kì í pa ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ́ìlì á kọ́kọ́ máa dínkù láìjò sílẹ̀, èéfín tó dà bí aró á tẹ̀ lé e, títí òwúrọ̀ kan á fi dé tí ọkọ̀ kò ní fẹ́ jí mọ́. Ẹni tó bá ti sanwó títú ẹ́ńjìnnì tún ṣe rí mọ̀ ohun tí mò ń sọ.

Ìdí tí àpò yìí kò fi bá ọkọ̀ mi mu kò ṣókùnkùn, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ní 814 mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ kì í ṣe orúkọ ẹ́ńjìnnì. 8 ń sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù, 14 ń sọ̀rọ̀ nípa agbára, bí agbára ẹṣin 140. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ọkọ̀ yìí ní Jámánì. Àwọn 814 ìgbà yẹn, OM 366 ló wà nínú wọn: sílíńdà mẹ́fà, bíi lítà 6, kò ní turbo. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin wọ̀ ọ́, OM 364 LA, wọ́n fún un ní turbo àti rádíátọ̀ tí ń tu atẹ́gùn lára. Agbára ẹ́ńjìnnì méjèèjì súnmọ́ ara wọn, nítorí náà 814 náà ni wọ́n ṣì ń kọ sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà. Nínú ti mẹ́fà, ó jáde nínú fíltà, ó wọ páìpù, ó wọ ẹ́ńjìnnì, ó parí. Nínú ti mẹ́rin, ó jáde nínú fíltà, ó gba inú turbo, ó lọ sí rádíátọ̀ iwájú kí ara rẹ̀ lè tutù, ó wá padà sẹ́yìn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà méjèèjì kò jọra rárá. Ẹni tó kó àpò yìí jọ mú ilé fíltà àti gáskẹ́ẹ̀tì lára ti sílíńdà mẹ́fà, ó mú dùríìtì lára ti turbo, ó kó wọn sínú páálí kan, ó sì kọ 814 sí i.

Ojúlówó ẹ̀yà Mercedes ní nọ́ńbà tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A. Fún ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ lé A yẹn máa ń sọ ìdílé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é: 366, 364, tàbí 352 ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ kíyè sí i o, 364 àti 366 ọmọ ìyá kan ni wọ́n, ohun púpọ̀ ni wọ́n jọ ń lò. Ẹ lè bá ẹ̀yà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 366 lára 364, kó sì jẹ́ pé òun ló tọ́ síbẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà yẹn látòkè délẹ̀ ni kí ẹ fi wé ti ara èyí tí ẹ tú, kì í ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan. Lára gáskẹ́ẹ̀tì inú àpò yìí, kò sí nọ́ńbà kankan. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń tà á, ó kọjú sí dírẹ́bà mi, òun ló ń dá lóhùn, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo ní owó lọ́wọ́. Ó ní, "Ti 814 ni, ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló ń lò ó."

Ilé fíltà ni kí n wá bọ́ sí, nítorí òun ló gbówó jù nínú àpò náà, òun ló sì léwu jù. Ti àtijọ́ ti dípẹtà nísàlẹ̀ títí ó fi lu, ohun tó gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Mẹkaníìkì wa jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń tún Mercedes ṣe ní Kétu kí n tó ra ọkọ̀ kankan. Ó gbé ilé fíltà tuntun yìí dání, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé e ka ibi tí yóò jókòó sí. Ihò bóòtù mẹ́rin ló wà lára irin tó ń gbé e dúró. Méjì pàdé, méjì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìbú ìka kan. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti dìde lọ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu irin. Bàbá ní kó gbé e padà.

"Ìyá alágbàdo," ó ní, "mo lè lu ihò, ihò kọ́ ni ìṣòro. Ẹ wá wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí."

Lóòótọ́, ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà jáde kúrò nínú fíltà kọjú sí ibi tí turbo kò sí. Kí ó tó lè dojú kọ turbo, àfi kí a yí gbogbo ilé náà nílẹ̀. Bí a bá sì yí i, ètè rọ́bà kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á kọjú sí ẹ̀gbẹ́ dípò ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníọkọ̀ ni kò ka ètè rọ́bà yẹn sí, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé e dànù bó bá ya. Iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Atẹ́gùn tó ń wọlé máa ń yí po nínú ilé fíltà, eruku tó wúwo á gbá ògiri rẹ̀, á ṣàn wá sísàlẹ̀, ètè yẹn á sì máa là díẹ̀díẹ̀ láti tú u dà sílẹ̀. Bí omi òjò bá wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Bó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́, eruku kò ní rí ibi jáde, fíltà nìkan ni yóò máa ru gbogbo rẹ̀, á sì dí kí oṣù tó yí. Ní àsìkò òjò ẹ̀wẹ̀, omi á dúró nínú rẹ̀, á rẹ ìwé fíltà.

Ìyẹn nìkan ti tó láti dá a padà, ṣùgbọ́n mo ní kí a ṣí i, mo fẹ́ mọ̀ bóyá fíltà inú rẹ̀ jókòó dáadáa. Ohun tí Bàbá ṣe níbẹ̀, gbogbo oníọkọ̀ ló lè ṣe é nílé ara rẹ̀. Ó fi gíríìsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa etí rọ́bà fíltà yí po, ó tì í wọ ilé rẹ̀, ó dè é bó ti yẹ kó rí, ó tún tú u, ó yọ ọ́. Ibi tí rọ́bà bá ti kan irin, gíríìsì á lẹ̀ mọ́ irin. Òrùka gíríìsì tí kò já ló yẹ kí a rí. Èyí tí a rí já lápá òkè, ibi tó já náà gùn tó ìka àárín mi. Etí fíltà kò kan ilé rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Fíltà náà fúnra rẹ̀ kò burú, ìwé rẹ̀ nípọn, ó ká dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá ń sẹ́ gààrí mọ̀ pé bí asẹ́ bá ti ya létí, kò sí àǹfààní tí ojú rẹ̀ tó dára tún lè ṣe. Atẹ́gùn kì í gba ibi tó le nígbà tí ọ̀nà tó rọrùn wà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró tì wá ní kí a fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí i. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ń ka èyí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níbikíbi tó bá wà láàárín fíltà àti turbo. Gọ́ọ̀mù máa ń gbẹ, ó máa ń ṣí. Bó bá ṣí níbẹ̀, kò sí ibòmíràn tí yóò lọ ju ẹnu turbo.

Dùríìtì mẹ́rin ló wà nínú àpò. Méjì tààrà, méjì tẹ̀.

Àwọn tó tààrà ni ti ìsopọ̀ páìpù rádíátọ̀ atẹ́gùn, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Mo fi kálípà wọn ẹnu wọn, mo wọn páìpù, wọ́n bára mu. Bí a bá wo ibi tí wọ́n ti gé wọn, a rí ìpele aṣọ mẹ́rin láàárín sílíkóònù, kò sí ibi tó fẹ́ jù tàbí tó nípọn jù. Wọ́n wọlé pẹ̀lú agbára ọwọ́ díẹ̀, bó ṣe yẹ kí dùríìtì wọlé. Atẹ́gùn tó ń jáde lára turbo lè gbóná ju 100°C lọ dáadáa nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù gun òkè, sílíkóònù tó dára sì lè fara da tó 180°C. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń ṣọ́ lára wọn ni ọ́ìlì. Turbo kì í ṣaláì tu ọ́ìlì díẹ̀ mọ́ atẹ́gùn, sílíkóònù tí wọn kò fi nǹkan mìíràn tẹ́ inú rẹ̀ kì í fẹ́ràn ọ́ìlì, ó máa ń rọ̀, ó máa ń wú. Mo ti ní kí dírẹ́bà máa fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò nígbàkigbà tó bá ń wo omi rádíátọ̀. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n le bí wọ́n ṣe rí.

Dùríìtì títẹ̀ àkọ́kọ́ ni ti ẹnu fíltà sí turbo. Níhìn-ín ni mo ti rí i pé ẹni tó ṣe wọ́n kò ronú lórí iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe. Lẹ́yìn turbo, atẹ́gùn ń tì jáde, nítorí náà aṣọ tó wà nínú rọ́bà ló ń dì í mú kó má bẹ́. Ṣáájú turbo, fífà ni turbo ń fà á, ohun tí dùríìtì ibẹ̀ nílò ni egungun: wáyà irin tó ká yí po nínú rọ́bà kó má baà wọnú. Dùríìtì inú àpò yìí kò ní wáyà. Wọ́n fi ọ̀nà kan náà ṣe gbogbo wọn. Nígbà tí a fi í dán an wò nínú àgbàlá, tí dírẹ́bà tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, gbogbo wa la rí i tí àárín ibi tó tẹ̀ náà ń wọnú, ń wọnú, títí ohùn ẹ́ńjìnnì fi yí padà. Bàbá ní kó pa á lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbẹ́mì bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò tíì ru nǹkan kan, báwo ni yóò ṣe rí pẹ̀lú ẹ̀kún àgbàdo?

Ìkejì ni èyí tó so páìpù tó ń ti rádíátọ̀ bọ̀ mọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ó fi mílímítà 4 tóbi ju páìpù lọ. Ẹni tó ń tajà ti sọ pé kọ́líè á fún un pọ̀. Kọ́líè lè fún rọ́bà pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ara rọ́bà tó pọ̀ jù yẹn ní láti wá ibi lọ, á ká, ibi tó bá ti ká sì ni atẹ́gùn á gbà jáde. A fún un pọ̀. A dí ojú méjèèjì, a fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà ní atẹ́gùn tú díẹ̀ sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Bàbá sì fi omi ọṣẹ pa á lára. Ibi tó ká náà hó. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ jáde bẹ́ẹ̀, kò ní mọ̀ ní títì tó tẹ́jú. Ó di ìgbà tó bá dé òkè pẹ̀lú ẹrù: á gbọ́ ohùn bí ẹni ń súfèé, ọkọ̀ kò ní lágbára, èéfín dúdú á máa jáde, gásóìlì á máa lọ, dírẹ́bà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé pọ́m̀pù gásóìlì ló bàjẹ́. Mo mọ oníọkọ̀ tó tú pọ́m̀pù rẹ̀ fún ọ̀ràn tí dùríìtì dá sílẹ̀.

Kọ́líè inú àpò, irú àwọn tí wọ́n gé ojú wẹ́wẹ́ sí ara irin wọn fún ìdè ni wọ́n. Wọ́n dára fún dùríìtì omi tí rọ́bà rẹ̀ le. Lórí sílíkóònù, ojú wẹ́wẹ́ yẹn máa ń jẹ ẹ́ lára, á gé e. Kọ́líè tó fẹ̀, tí etí rẹ̀ tẹ́jú, tó ní bóòtù kan tó ń fà á pọ̀, ni kí ẹ béèrè. Ní Kétu níhìn-ín, 1 500 fránkì ni mo ra ọ̀kan. Kò tó nǹkan tí a ó máa rò lẹ́ẹ̀mejì.

Gáskẹ́ẹ̀tì kò gbà wá lásìkò rárá. Bàbá gbé e lé ojú irin tó ti nù mọ́, ihò bóòtù rẹ̀ kò pàdé ara wọn, ojú tí atẹ́gùn ń gbà sì kéré ju ti irin lọ, débi pé etí ìwé gáskẹ́ẹ̀tì yọ sínú ọ̀nà. Àwọn kan á mú abẹ́ gé e. Ègé ìwé tó bá já síbẹ̀, inú sílíńdà ló ń lọ tààrà, kò sí fíltà kankan mọ́ níwájú. Ó dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀, ó sì ní kí n má jẹ́ kó fara pa.

Ìmọ̀ràn yẹn ló gba owó mi padà. Mo kó ilé fíltà, gáskẹ́ẹ̀tì àti dùríìtì títẹ̀ méjèèjì sínú páálí wọn, mo bá ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ nígbà tó ń kó gààrí lọ. Ọmọkùnrin yẹn kọ́kọ́ ní odindi àpò ni wọ́n ń tà, pé wọn kì í gba apá kan padà. Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Ọ̀gá dé, ó kí mi bí ọmọlúàbí, ó ní kí n jókòó. Ó gbé ilé fíltà, ó wo ihò bóòtù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ara rẹ̀ bóyá spánà ti họ ọ́. Kò sí ihò tuntun, kò sí ibi tó họ. Ká ní a ti lu ihò méjì yẹn, ilé fíltà náà ì bá ti di tèmi títí láé, bá mi mu tàbí kó má bá mi mu. Mo fi fọ́nrán tí dírẹ́bà mi ká sórí fóònù hàn án, ibi tí dùríìtì ti ń wọnú, ó sì wò ó dé ìparí. 54 000 fránkì ló kà fún mi. Kò gba kọ́líè padà, mi ò sì bá a jà lórí ìyẹn. Mo gbọ́dọ̀ yìn ín fún bó ṣe ṣe é: kò pariwo, kò sọ pé obìnrin kò mọ ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ mi dé òpin. Ọmọ tó fi síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ku kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn.

Ohun tó wà lára ọkọ̀ mi báyìí, ilé fíltà tòkunbọ̀ ni, ojúlówó, láti ara 814 kan tí wọ́n tú ní Kútọnu, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 364 bíi tèmi. 35 000 fránkì ni. Ó ní ibi tó ti bó lára, a fi ọ̀dà kùn ún, ṣùgbọ́n ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàdé láìlo ọmọ-owú, ètè rọ́bà rẹ̀ sì kọjú sílẹ̀. Fíltà inú rẹ̀ jẹ́ ti MANN-FILTER. Ilé-iṣẹ́ Mann+Hummel ní Ludwigsburg, Jámánì, ló ń ṣe é, láti 1941 ni wọ́n sì ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọn kì í ṣe Mercedes, síbẹ̀ ẹ̀yà wọn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìdí rèé tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ohun tí kò bá ti ní ìràwọ̀ Mercedes lára kò dára. Ẹni tó bá wọn ọ̀nà dáadáa kó tó ṣe ẹ̀yà, ẹ̀yà rẹ̀ á jókòó, orúkọ yòówù kó jẹ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún páálí, nítorí àwọn kan ń tẹ páálí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún ẹrù tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ ṣí i níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ fi ìka tẹ rọ́bà etí rẹ̀: ó yẹ kó rọ̀ kó sì padà sípò, kì í ṣe kó le gan-an bí igi. Ẹ gbé iná fóònù sínú rẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹ wo ìwé rẹ̀ láti ìta yí po. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ lójú kan ju ibòmíràn lọ, ẹ dá a padà kí ẹ tó sanwó.

Fún ẹnu turbo, mo ra dùríìtì rọ́bà dúdú tó ní wáyà nínú, 12 000 fránkì, bíi ti àkọ́kọ́ tó bá ọkọ̀ dé láti Yúróòpù. Ti ẹnu ẹ́ńjìnnì, a fi nọ́ńbà ti àtijọ́ béèrè rẹ̀ pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, ọkọ̀ sì jókòó dè é. Mo pàdánù nínú ìyẹn, nítorí àgbàdo kì í dúró de ẹnì kan ní àsìkò rẹ̀, àwọn mìíràn ti kó o lọ. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn ju kí n fi èyí tó ń jò rìn lọ.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ oko tó sì ti bọ̀ nínú ọyẹ́, Bàbá tú dùríìtì ẹnu turbo, ó fi aṣọ funfun nu inú páìpù tó wà lẹ́yìn fíltà. Ibi àyẹ̀wò tó dára jù lọ nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dírẹ́bà àti olówó jọ wà níbẹ̀. Bí eruku pupa bá wà lára aṣọ, nǹkan ń kọjá níbìkan, bó ti wù kí fíltà dára tó. Tiwa funfun bó ṣe rí. Ìsúfèé ti lọ, ọkọ̀ ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù láìtu èéfín dúdú, dírẹ́bà sì sọ pé gásóìlì tó ń jẹ ti dínkù.

Ṣé kí ẹ ra àpò yìí? Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ 814 oní-sílíńdà mẹ́fà tí kò ní turbo, ilé fíltà àti gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè bá a mu, ẹ gbé èyí tí ẹ tú dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí ẹ fi wé e, ẹ sì dán etí fíltà wò pẹ̀lú gíríìsì kí ẹ tó lu ihò kankan. Ṣùgbọ́n dùríìtì inú rẹ̀ kò ní wúlò fún yín, owó yín á ṣòfò síbẹ̀. Bó bá jẹ́ oní-mẹ́rin tó ní turbo, dùríìtì tààrà méjèèjì nìkan ni kí ẹ béèrè. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà ti gbà láti máa tà wọ́n lọ́tọ̀, 9 000 fránkì ọ̀kan. Ó gba nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì mi sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó sì ní bí ẹrù mìíràn bá dé, òun á ya ti 364 kúrò lára ti 366 kí òun tó gbé wọn síta.